Fóònù Dé, Télọ̀ Gbé Àlùmọ́gàjí: Àgbéyẹ̀wò Bí Ẹ̀rọ Ìléwọ́ Ṣe Ń Darí Aṣọ àti Báàgì Wa

Ní ọdún 1957, ilé iṣẹ́ Sony ní Japan gbé rédíò kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní TR-63. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi polówó rẹ̀ ni pé ó ń wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tì í bọ àpò, kò wọ̀; ó fi díẹ̀ tóbi ju àpò ṣẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọkùnrin ń wọ̀ lọ. Akio Morita, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Sony sílẹ̀, ròyìn nínú ìwé rẹ̀, Made in Japan, pé àwọn kò gbé rédíò náà padà lọ gé kù. Ṣẹ́ẹ̀tì tuntun ni wọ́n rán fún àwọn tó ń bá wọn tajà, wọ́n sì fẹ àpò rẹ̀ títí tó fi gba rédíò. Oníbàárà á rí i tó wọlé wọ̀ọ̀, ọjà á tà.

Bí ẹ̀rọ àti aṣọ kò bá bára mu, èwo ni yóò yẹ̀ fún èkejì? Lọ́pọ̀ ìgbà, aṣọ ló ń yẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ ta ni? Ìbéèrè kejì yìí ló ká mi lára jù, nítorí bí a bá tọ ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà aago àpò títí dé ìgbà fóònù, aṣọ ọkùnrin ni wọ́n máa ń tètè tún rán. Obìnrin ní tirẹ̀, wọ́n á ní kó lọ ra báàgì.

Nílẹ̀ Yorùbá, irinṣẹ́ ti ń pàṣẹ fún báàgì tipẹ́tipẹ́. Ẹ wo làbà, báàgì awọ tí àwọn olúṣàngó ń fi kọ́ èjìká. Ẹdùn àrá ló wà fún. Bí àrá bá sán lu ilé kan, àwọn adóṣù á wọ ibẹ̀ lọ láti wú ẹdùn àrá, inú làbà ni wọ́n sì ń kó o sí. Òkúta wúwo, aṣọ lásán kò sì lè gbé e pẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé oníṣọ̀nà awọ ló ń ṣe é, tí ó ń pín ojú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, tí ó sì ń ṣe ọnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpò Ifá náà ní ọ̀nà tirẹ̀: ó ní okùn gígùn tí babaláwo lè fi há èjìká, kí ọ̀pẹ̀lẹ̀ wà nítòsí kí ọwọ́ méjèèjì sì ṣófo lójú ọ̀nà. Ẹni tó rán àwọn báàgì wọ̀nyí kọ́kọ́ wo ohun tí yóò wà nínú wọn kó tó gé awọ tàbí aṣọ.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, aago ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Aago àtijọ́ nípọn, ọrùn tàbí ìgbànú ni wọ́n ń so ó mọ́. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 1666, Ọba Charles Kejì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde irú aṣọ tuntun kan fún àwọn ará ààfin, èyí tó padà di wẹ́sìkóòtù. Aago wá rí ilé tuntun nínú àpò aṣọ yìí. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Sony, nítorí aago ló yẹ̀ fún aṣọ: àwọn oníṣẹ́ aago sọ ọ́ di pẹlẹbẹ, wọ́n sì mú kí gbogbo etí rẹ̀ jọ̀lọ̀ kó má baà máa ya àpò. Lẹ́yìn náà ni ṣéènì dé, tí wọ́n ń fà láti inú àpò kọjá sí ojú bọ́tìnnì, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé aago wà níbẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin nígbà náà? Barbara Burman àti Ariane Fennetaux kọ ìwé kan tó jáde ní 2019, The Pocket, tó dá lórí ohun tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń kó ẹrù láti 1660 sí 1900. Àpò wọn kì í ṣe ara aṣọ. Wọ́n ń rán an lọ́tọ̀, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó ṣe ṣóńṣó lókè, wọ́n sì ń fi okùn so ó mọ́ ìbàdí lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì. Síkẹ́ẹ̀tì ní ojú ihò kan tí ọwọ́ ń gbà wọlé. Owó, kọ́kọ́rọ́, àlùmọ́gàjí, abẹ́rẹ́, oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń gbà. Nígbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún ń parí lọ, gáùn fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bá ara ṣe dé. Àpò abẹ́ aṣọ á máa wú jáde lábẹ́ irú gáùn bẹ́ẹ̀. Ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ̀lé àṣà bá mú báàgì kékeré lọ́wọ́, báàgì tí kò gba ìdajì ohun tí àpò àkọ́kọ́ ń gbà. Ní àkókò yẹn kan náà, kóòtù ọkùnrin ń ní àpò sí i.

Ṣòkòtò jíǹsì tí Levi Strauss àti Jacob Davis gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ọjọ́ 20, oṣù karùn-ún, ọdún 1873 fi hàn bí ẹ̀rọ ṣe lè fi àmì rẹ̀ sára aṣọ, kí ẹ̀rọ lọ kí àmì ṣẹ́kù. Àpò kékeré tó wà nínú àpò ńlá lápá ọ̀tún jíǹsì, aago àpò ni wọ́n ràn án fún. Aago àpò ti wọlẹ̀ tipẹ́. Ogun Àgbáyé Kìíní ló gbé e lọ, nítorí ọmọ ogun tó di ìbọn mú kò lè máa fa aago yọ láti inú wẹ́sìkóòtù, aago ọwọ́ sì gba ipò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣáájú ogun náà, ọ̀pọ̀ ọkùnrin gbà pé ti obìnrin ni. (Alberto Santos-Dumont, ọmọ Brazil tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú, ti ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ láti 1904, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Louis Cartier ṣe fún un, torí òun náà nílò ọwọ́ méjèèjì.) Síbẹ̀, àpò aago kò kúrò lára jíǹsì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, Steve Jobs ti ilé iṣẹ́ Apple dúró lórí pèpéle, ó nàka sí àpò kékeré yẹn, ó sì fa ẹ̀rọ orin iPod nano yọ níbẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun wọ ilé tí wọ́n kọ́ fún ẹ̀rọ tó ti kú.

Àwọn ará Japan kò ní àpò lára kìmónò. Àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní inrō ni wọ́n ń fi okùn so kọ́ ọ̀já ìbàdí, wọ́n á sì fi iṣẹ́ ọnà kékeré kan, netsuke, dí okùn lókè kó má baà yọ. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé ọ̀dọ̀ wọn, okùn tún padà wá: fóònù ní ihò kékeré létí, ọ̀dọ́ sì ń so oríṣiríṣi ohun ọ̀ṣọ́ mọ́ ọn. Bí mo ṣe rí i, ibi tí aṣọ kò bá ti ní àpò, okùn ló máa ń dé.

Ọ̀dọ̀ tiwa ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́ díẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2001, ìjọba Nàìjíríà gbé ìwé àṣẹ GSM lu gbànjo, mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ẹyọ kan. Nígbà tó fi di oṣù kẹjọ, ilé iṣẹ́ Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Owó síìmù nìkan lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà, kí a má tíì sọ owó fóònù. Ohun tó wọ́n tó báyìí, ta ló fẹ́ fi pamọ́ sínú àpò? Ara ìgbànú ló kọ́kọ́ ń gbé. Awọ dúdú kékeré ni wọ́n ń tà fún un, tó ní ìkọ́ lẹ́yìn, tí ojú rẹ̀ máa ń ní ọ̀rá tó mọ́ gaara kí ojú fóònù lè hàn. Ọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì á kì í bọ inú ṣòkòtò dáadáa, torí bí ṣẹ́ẹ̀tì bá bo ìgbànú, ta ni yóò rí Nokia 3310? Bùbá àti agbádá kò láyè ìgbànú ní tiwọn, torí náà okùn ọrùn ni ọ̀pọ̀ lò. Fóònù á máa mì lórí iṣẹ́ ọnà agbádá bí ìgbà tí olóyè so iyùn mọ́ ọrùn.

Àṣà yẹn kò pẹ́. Globacom dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá, àwọn yòókù tẹ̀lé wọn, owó síìmù já wálẹ̀, fóònù sì dé ọwọ́ alátà, awakọ̀ àti ọmọ iléèwé. Kí ni ènìyàn tún fẹ́ fi yangàn níbi ìgbànú nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ayé ló ní i? Awọ ìgbànú di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń dá àgbàlagbà mọ̀. Fóònù wọ inú àpò ṣòkòtò lọ, ibẹ̀ ló sì wà títí tí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwọ̀n díẹ̀. Nokia 3310 tó jáde ní 2000 gùn tó mílímítà 113, ó sì wúwo tó gíráàmù 133. iPhone àkọ́kọ́, ti 2007, gùn tó mílímítà 115, gíráàmù 135. Àpò tó gba ti àkọ́kọ́ gba èkejì. Ní 2011, Samsung gbé Galaxy Note wá pẹ̀lú ojú tó tó íǹṣì 5.3, àwọn tó ń kọ̀wé nípa ẹ̀rọ sì fi ṣẹ̀fẹ̀ pé báwo ni ènìyàn ṣe máa gbé pátákó sétí. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Apple fúnra wọn ṣe iPhone 6 Plus, íǹṣì 5.5, àwọn kan tó tì í bọ àpò ṣòkòtò sì ké gbàjarè pé ó ti tẹ̀. iPhone 16 Pro Max ti 2024 gùn tó mílímítà 163, ó wúwo tó gíráàmù 227. Ní íǹṣì tí àwọn télọ̀ wa ń lò, ìyẹn lé ní mẹ́fà lóòró àti mẹ́ta ní ìbú. Tecno àti Infinix tó kún ọwọ́ àwọn ènìyàn wa kò kéré sí i.

Àwọn télọ̀ ọkùnrin tètè gbọ́. Ẹ wo ohun tó dé bá agbádá. Àpò rẹ̀ wà láyà, ó fẹ̀, iṣẹ́ ọnà sì bò ó lójú. Owó ìnáwó àti tẹ̀súbáà ló ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n orí èjìká ni agbádá rọ̀ mọ́. Ti fóònù ńlá bọ̀ ọ́ láyà, ọrùn á wọ́ sí apá kan, ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì máa fà á sókè títí òde á fi tú. Ojútùú tí télọ̀ rí ni ṣòkòtò abẹ́ rẹ̀: àpò méjì jíjìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn á tún fi síìpù sí i. Káfútáànì àti aṣọ tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sẹ́nátọ̀ náà ní àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n á sọ fún yín pé ẹwà àti ìrọ̀rùn ló mú kí sẹ́nátọ̀ gbòde tó bẹ́ẹ̀. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo fi kún un pé fóònù méjì, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti káàdì báńkì ń wọ inú rẹ̀ láìba ìrísí rẹ̀ jẹ́. Ṣòkòtò kágò tó tún gbòde lára àwọn ọ̀dọ́ wá láti ọ̀dọ̀ ológun. Aṣọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti 1938 ti ní àpò ńlá kan ní itan fún ìwé àwòrán ilẹ̀. Lónìí, fóònù tó ní àwòrán ilẹ̀ nínú ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ obìnrin wá kù. Ní 2018, Jan Diehm àti Amber Thomas ti ojúlé ìròyìn The Pudding wọn àpò jíǹsì láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ 20 tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà. Àpò iwájú ti obìnrin fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún kúrú ju ti ọkùnrin lọ, ó sì fi ìdá 6.5 tínrín jù ú. Ìdá 40 péré nínú àpò obìnrin ló gba fóònù ìgbà náà láìyọrí síta. Gbogbo ṣòkòtò wọ̀nyẹn, ìbàdí kan náà ni wọ́n ní, torí náà a kò lè sọ pé ara obìnrin ló kéré. Àwọn tó ń rán an ló pinnu bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà fóònù ti ga sí i.

Aṣọ ìbílẹ̀ wa kò sàn jù. Ìró kò ní àpò, bùbá kò ní, ìborùn kò ní, gèlè kò ní. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa kò jókòó lásán. Owó kékeré wà ní kókó etí ìró. Owó ńlá wà nínú àpò aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí lábẹ́ ìró. Ẹ padà wo ohun tí Burman àti Fennetaux kọ ìwé lé lórí: ohun kan náà ni! Èyí tí àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì so mọ́ abẹ́ síkẹ́ẹ̀tì, tó di ohun tí wọ́n ń tò sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí, ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní ọjà Dùgbẹ̀ àti ti Balógun. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ọgbọ́n ìmúra tó dára jù tí àwọn obìnrin wa ní, ó sì dùn mí pé a kò kà á sí oge rárá.

Fóònù ti wá yí àpò yìí náà padà. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ kéde ìyípadà owó náírà ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, tí owó bébà sì wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ọ̀pọ̀ oníṣòwò tí kì í gba owó orí fóònù tẹ́lẹ̀ kò rí ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó ń tajà kò lè máa ká ìró sókè lójú gbogbo ènìyàn ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ wò bóyá àlẹ́ẹ̀tì ti wọlé. Ni àpò bá jáde síta: ó wà lójú ìró, níwájú ikùn, ó ní síìpù, ó ní ojú méjì, ọ̀kan fún owó, èkejì fún fóònù. Àwọn oníPOS abẹ́ agbòòrùn náà ń so irú rẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé e kọ́ àyà. Ọ̀dọ́ ìlú òyìnbó tó gbé báàgì ìbàdí kọ́ àyà ní nǹkan bí ọdún 2018 rò pé àṣà tuntun lòun ń dá.

Àwọn tí kò so àpò mọ́ ìdí ńkọ́? Inú kọ́mú ni fóònù tiwọn ń gbé. Kò sí obìnrin tó rìn lọ́jà tí kò rí i rí, bóyá òun gan-an sì ń ṣe é. Ó ń gba fóònù sílẹ̀ lọ́wọ́ gbéwiri, ó sì ń jẹ́ kí obìnrin mọ̀ ọ́n lára bí fóònù bá ń gbọ̀n. Àjọ IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ, fi ìtànṣán irú èyí tí fóònù ń lò sí ìpele 2B ní oṣù karùn-ún ọdún 2011, ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì tíì lágbára. N kò fẹ́ fi ìyẹn dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ooru bátìrì àti òógùn tó ń wọ ẹnu ihò ṣájà ti tó ìdí láti wá ibòmíràn fún un. Àwọn arábìnrin tó ń lo híjáàbù ní ọ̀nà kan tí mo gba tiwọn: wọ́n á ti fóònù sáàárín híjáàbù àti etí, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, ọwọ́ méjèèjì á sì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ní òde àríyá ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn jù. Póòsì pẹlẹbẹ tí àwọn obìnrin ń fi sábẹ́ apá nígbà tí wọ́n bá wọ léèsì, ìwọ̀n àtíkè, owó ìnáwó àti áńkáṣíìfù ni wọ́n fi ṣe é nígbà kan. Lónìí, kí obìnrin tó sanwó póòsì, á kọ́kọ́ ti fóònù bọ̀ ọ́. Bí síìpù rẹ̀ kò bá pa dé, á gbé e sílẹ̀, bí ó ti wù kó bá bàtà mu tó. Àwọn oníṣòwò mọ èyí, àwọn póòsì tí mò ń rí sì ń gùn sí i. Ní ìdà kejì, Jacquemus ará Faransé ń ta Le Chiquito, báàgì kékeré kan tí fóònù kò lè wọ̀ láéláé, ó sì tà wàràwàrà láti nǹkan bí 2018. Ẹni tó gbé irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ di fóònù mú lọ́wọ́, tàbí kí ẹlòmíràn máa bá a gbé e. Ọlá ni báàgì yẹn ń polongo: pé ẹni tó ni ín kò ní ẹrù tí yóò fúnra rẹ̀ gbé.

Wọ́n sọ fún wa pé fóònù yóò mú ẹrù dínkù, nítorí ó ti gbé aago, kámẹ́rà, rédíò, tọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀rọ ìṣirò mì. Ní ilẹ̀ tí iná ti dúró ṣinṣin, bóyá. Lọ́dọ̀ wa, iná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, torí náà ṣájà, wáyà àti páwà báńkì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé fóònù jáde. Páwà báńkì 20,000 mAh nìkan sábà máa ń wúwo ju fóònù fúnra rẹ̀ lọ. Fi fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì kún un, èyí tí bátìrì rẹ̀ kì í tètè kú, àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì kékeré tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé kiri. Ohun tó yẹ kó wọ àpò ti di ẹrù báàgì. Mo gbà pé àìsí iná ló mú kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó, tọkùnrin tobìnrin, máa gbé báàgì ẹ̀yìn lé orí kóòtù. Báàgì ọlọ́wọ́ kan tí lọ́yà àti òṣìṣẹ́ báńkì ń gbé nígbà kan kò lè gba kọ̀ǹpútà agbélétan àti gbogbo ìran rẹ̀ kó má fa èjìká kan wálẹ̀.

Lẹ́yìn iná, olè. Nínú BRT àti dáńfó, báàgì ẹ̀yìn ti di báàgì àyà. Bí ọkọ̀ bá ti kún, kálukú á yí tirẹ̀ síwájú. Fóònù tó bá sọnù lónìí lè gbé àkáǹtì báńkì dání lọ, ìyẹn ló mú kí síìpù abẹ́nú àti àpò ìkọ̀kọ̀ níye lórí ju awọ olówó ńlá lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, àwọn olè tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹni tó dúró lẹ́bàá títì, okùn tó so fóònù mọ́ ara sì ti padà sọ́rùn àti èjìká, ọdún ogún lẹ́yìn tí a bọ́ tiwa sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nípa báàgì àti ẹ̀rọ lórílẹ̀-èdè yìí kò sì ti ọwọ́ olè wá. Nínú ìjábọ̀ tí Amnesty International gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2020, wọ́n kọ ìṣẹ̀lẹ̀ 82, ó kéré tán, sílẹ̀ láàárín oṣù kìíní 2017 àti oṣù karùn-ún 2020, níbi tí àwọn ọlọ́pàá SARS, ẹ̀ka tó yẹ kó máa gbógun ti ìdigunjalè, ti fìyà jẹ àwọn ènìyàn, hùwà àìdáa sí wọn tàbí pa wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìjábọ̀ náà sọ ọ́ ní gbangba pé irun dàda, jíǹsì tó ya, ara fínfín àti ẹ̀rọ olówó ńlá ló ń fa ojú àwọn ọlọ́pàá náà. Ọmọ tó gbé kọ̀ǹpútà agbélétan, wọ́n á pè é ní ọmọ Yahoo, ìyẹn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ́ mú báàgì tó ń polongo kọ̀ǹpútà kúrò lára, ó lọ ra báàgì ìwé tí kò jọjú, ó fi aṣọ wé kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn wọ ṣẹ́ẹ̀tì bọ́tìnnì kó tó jáde, kì í ṣe pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ìjọba tú SARS ká ní ọjọ́ 11, oṣù kẹwàá, ọdún 2020, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ti dà sí títì. Mo ṣì mọ àwọn tí kò tíì padà sí báàgì tí wọ́n fẹ́ràn. Kí ẹ̀rù máa yan aṣọ fún ọmọ ènìyàn nítorí irinṣẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ìwà ìkà ni.

Ó yẹ kí n fi ẹnu ba àwọn tó gbìyànjú láti rán ẹ̀rọ mọ́ aṣọ pátápátá. Levi's àti Philips ta kóòtù ICD+ ní 2000, tó ní àyè fún fóònù àti ẹ̀rọ orin. Ní 2006, Levi's tún ta jíǹsì RedWire DLX tí wọ́n ṣe fún iPod. Ní 2017, òun àti Google gbé kóòtù Jacquard jáde ní 350 dọ́là, tí ènìyàn lè fi ọwọ́ pa lápá kí orin yí padà lórí fóònù. Apple kò ṣe iPod mọ́ láti 2022, Google sì pa áàpù Jacquard tì ní 2023. Kóòtù náà ṣì ṣeé wọ̀, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò mọ ohunkóhun mọ́. Ẹ̀rọ ń yí padà ní ọdún méjì-mẹ́ta, aṣọ dáadáa ń lò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Àpò lásán ló ń bá ẹ̀rọ kọjá láti ìran dé ìran, bí àpò aago ti Levi's.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọwọ́ télọ̀ àdúgbò ni ọ̀rọ̀ yìí wà jù. Ilé iṣẹ́ ńlá ń gé ẹgbẹ̀rún ṣòkòtò pa pọ̀, kò mọ ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Télọ̀ tiwa ń fi tépù wọn ènìyàn kọ̀ọ̀kan, ó lè wọn fóònù rẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tó ń rán ti ọkùnrin ni ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi àpò sí aṣọ. Ní ṣọ́ọ̀bù tó ń rán ti obìnrin, ọmọ iṣẹ́ lè gba ìyọ̀ǹda kó má tíì rán àpò kan tó dúró rí. Ìyá ọ̀gá á ní àpò á ba ìrísí jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ bí ènìyàn bá mọ ibi tó yẹ kó wà. Ojú ẹ̀gbẹ́ gáùn tàbí síkẹ́ẹ̀tì ló dára jù, kí ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìbàdí díẹ̀, kí orí rẹ̀ sì fi ara mọ́ bẹ́líìtì inú, kí ìwúwo fóònù lè wà ní ìbàdí, kó má máa fa ojú aṣọ. Íǹṣì mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lójìn, íǹṣì mẹ́fà ní ìbú, kí ọwọ́ lè bá fóònù wọlé kó sì bá a jáde. Aṣọ inú tó le díẹ̀ ni kí wọ́n lò, nítorí léèsì tàbí ṣífọ́ọ̀nù kò lè gbé e. Fún bùbá àti ìró, kí wọ́n rán àpò ìdí tí àwọn ìyá wa ń so, kí wọ́n gé e lára aṣọ ẹbí fúnra rẹ̀, kó lè jáde síta láìtijú. Kò béèrè yáàdì kún yáàdì. Àjákù tó ń bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ máṣíìnì lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń rán bùbá kan tó o.